Gìrì: kí ló ń gbé e dé?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ara ọmọ bá gbóná, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí eyín rẹ̀ dì pọ̀, tí ó ń gbọ̀n, a ní gìrì mú un. Àwọn kan á ní ẹyẹ òru ló fò kọjá. Kì í ṣe ẹyẹ o, ẹ̀fọn ni! Ẹ̀fọn tó ń jẹni lóru ló ń kó ibà sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Bí a kò bá tètè wo ibà náà, ó lè gun ọpọlọ. Gìrì mìíràn, ara gbígbóná nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ojú lásán mọ̀ ọ́n?

Ẹ má ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ẹ má fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu, àgbo á gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ òru.

Ibà tó gun ọpọlọ lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nínú àwọn tó yè, etí òmíràn a di, ẹsẹ̀ òmíràn a rọ, wárápá a máa mú òmíràn.

Láti 2024, wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ kéékèèké ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ní Benin. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yín. Ẹ má tìtorí rẹ̀ ká àwọ̀n ẹ̀fọn kúrò lórí ẹní ọmọ o.