Bí Ìrònú Apẹja Ṣe Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Apẹja Òde Ùgbò, ní Ìlàjẹ létíkun Oǹdó, tó bá gbé ọkọ̀ bọ́ sójú òkun kò lè mọ gbogbo ibi tí ẹja wà. Epo wọ́n, ìjì sì lè dé kó tó ṣírò tán. Nítorí náà, yálà kó padà síbi tó ti rí ẹja tẹ́lẹ̀, tàbí kó dán ibòmíràn wò, tàbí kó tẹ̀lé ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ń kún. Ọ̀nà mẹ́ta yìí gan-an ló wà nínú POSEIDON, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ kọ ìwé lé lórí ní 2019. Ọkọ̀ inú rẹ̀ ń dá ìpinnu ṣe. Bí ìjọba bá fẹ́ ti apá kan òkun pa, ètò náà á fi ibi tí àwọn ọkọ̀ lè yà sí hàn. Àmọ́ apẹja etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe ti Ìlàjẹ.

Ọ̀rọ̀ fífi ìrònú ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀-ajé ló gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ yan nǹkan á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, á sì mú èyí tó dára jù. Herbert Simon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kò gbà. Láti inú ìwé rẹ̀ ti 1947 ló ti ń sọ pé àkókò àti ìmọ̀ wa kò tó bẹ́ẹ̀: bí a bá ti rí èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn, a ó dúró níbẹ̀. Mo ka ọkùnrin yìí sí baba ọ̀rọ̀ náà nítorí pé kò fi í mọ sórí ìwé. Ní 1956, òun, Allen Newell àti Cliff Shaw ti ní Logic Theorist, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀nà àbùjá yanjú ìṣòro. Ní 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn, fi kún un pé àdánù máa ń dun ènìyàn ju bí èrè tó bá a dọ́gba ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí la fẹ́ fi àléébù ènìyàn ṣe nínú ẹ̀rọ tó mọ ìṣirò jù wá lọ. Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ àbùkù ọkọ̀ òfurufú ni ẹ̀rọ ń wá, kó ṣírò tán pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun tí ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí òkun ti ń wó ilé rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, yóò ṣe bí ìjọba bá ní kó ṣí kúrò ni ẹ̀rọ fẹ́ mọ̀, èyí tí kò ronú bí ènìyàn yóò ṣi ọ̀nà.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni pé, ìrònú irú ènìyàn wo ni ẹ̀rọ ń tẹ̀lé? Onímọ̀ Joseph Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2010 pé lára àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ayé, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni wọ́n ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ènìyàn yọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣòfin fún etíkun Oǹdó, kó kọ́kọ́ bi àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja léèrè: ta ló ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, gbèsè ta ló wà lórí àwọ̀n, ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n tó wọ òkun?