Ìdákọ̀ró Ọlọ́ràá nínú Sẹ́ẹ̀lì: Àlàyé lórí GPI Transamidase

Epo kì í pò mọ́ omi. Lórí òtítọ́ yìí ni iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ GPI transamidase dúró lé. Ọ̀rá ni ìpìlẹ̀ awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ká; omi ni ó wà nínú àti lóde rẹ̀. Àwọn púrótéènì kan wà tí òde awọ náà jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi di ọ̀rá mú. Ẹ́ńsáìmù yìí ni ó ń so GPI, èyí tí wọ́n fi ṣúgà àti ọ̀rá ṣe, mọ́ wọn nídìí. Ọ̀rá GPI yóò wọlé sínú awọ, púrótéènì yóò sì dúró lóde. Púrótéènì tó lé ní 150 ni ó ń dúró báyìí lára ènìyàn.

Ẹ̀yà márùn-ún ni ẹ́ńsáìmù náà ní: PIGK, PIGT, PIGS, PIGU àti GPAA1. PIGK ni ọ̀bẹ: ó ń gé ìdí púrótéènì kúrò, GPI sì ń gba ipò ohun tí ó gé.

Ìdákọ̀ró ni ọ̀rọ̀ tó bá GPI mu jù lọ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- pẹ̀lú dá, ọkọ̀ àti ró ni wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìdè kò tó, nítorí pé ohun tí wọ́n dè kò lè yẹsẹ̀; púrótéènì tó ní ìdákọ̀ró lè máa rìn lórí awọ láìjábọ́.

Bí ìdákọ̀ró bá sọnù, ewu dé. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan fi hàn pé àbùkù nínú jíìnì PIGA, èyí tó ń kópa nínú ṣíṣe GPI, ni ó ń fa àìsàn kan tí ń mú kí ìtọ̀ aláìsàn dúdú ní òwúrọ̀. CD55 àti CD59, ẹ̀ṣọ́ méjì tí kì í jẹ́ kí àwọn ajàfára pa sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò rí ibi dúró sí mọ́.

Ọ̀tá pàápàá ń lo ìdákọ̀ró yìí. Àwọn darandaran agbègbè Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, mọ àrùn màlúù tí àwọn Hausa ń pè ní sammore. Trypanosoma brucei, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò àìfojúrí tí eṣinṣin tsetse fi ń tan irú àrùn bẹ́ẹ̀ kálẹ̀, wọ ẹ̀wù púrótéènì bíi mílíọ̀nù 10, GPI sì ni ó mú wọn dúró. Láti ara ẹ̀wù yìí ni Michael Ferguson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé bí ìdákọ̀ró náà ṣe rí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní 1988.

Ẹ́ńsáìmù kòkòrò náà àti ti ènìyàn jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Oògùn tí yóò já ìdákọ̀ró kòkòrò láìjá ti ẹran tàbí ti ènìyàn ni àwọn olùwádìí ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ ìdákọ̀ró yóò lóye ohun tí wọ́n ń wá, kí ó tó kọ́ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.