Kí Ló Dé Tí Géèmù Yìí Kò Dárúkọ Olùborí?

Lọ́dún 1998, ẹni tó bá ti kásẹ́ẹ̀tì F-1 World Grand Prix bọ inú Nintendo 64, tó wá dé ibi tí wọ́n ti ń yan awakọ̀, orúkọ tó ti ń gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa bá pàdé: Michael Schumacher àti Eddie Irvine ní Ferrari, Mika Häkkinen àti David Coulthard ní McLaren, Damon Hill ní Arrows. Tó bá kan ikọ̀ Williams, Heinz-Harald Frentzen wà níbẹ̀. Ẹnì kejì Frentzen ńkọ́? "Driver Williams" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Awakọ̀ Williams, ó parí. Bí ìgbà tí èèyàn dé ilé ìkómọ, tí wọ́n ní "Ọmọ Ilé Yìí" ni wọ́n sọ ọmọ náà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí yìí kì í ṣe èrò ẹ̀yìn rárá. Jacques Villeneuve ni, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, òun gan-an ló sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One lọ́dún 1997. Sáà 1997 yẹn náà ni géèmù ọ̀hún dá lé. Ìje 17 tí wọ́n sá lọ́dún náà ló wà nínú rẹ̀, láti Melbourne títí dé Jerez, pẹ̀lú ikọ̀ 11 àti ọkọ̀ 22. Orúkọ àwọn awakọ̀ yòókù wà níbẹ̀, àfi ti ẹni tó borí.

Kí ẹni tí kò wo ìje ọdún náà lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Jerez, ní ilẹ̀ Sípéènì. Ìje àṣekágbá ni, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá. Schumacher ní póìǹtì 78, Villeneuve ní 77. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń sá eré láti mọ ẹni tí yóò wà níwájú, Villeneuve lo ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 21.072. Schumacher sá tirẹ̀, 21.072 ló lò. Frentzen tẹ̀lé wọn, 21.072 náà ló lò. Aago tó lè pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Villeneuve ló kọ́kọ́ sá a, nítorí náà òun ni wọ́n fún ní ipò iwájú.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìyípo 48, Villeneuve gba abẹ́ inú kọ́nà kan kí ó lè kọjá Schumacher. Schumacher yí ọkọ̀ tirẹ̀ lù ú. Ẹni tó kọlu ẹlòmíràn yìí ni taya rẹ̀ rì sínú òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Villeneuve ń rọra wa ọkọ̀ tó ti fara pa lọ, ó jẹ́ kí àwọn McLaren méjèèjì kọjá nígbà tí ìje ń parí lọ, ó gba ipò kẹta, ó sì fi póìǹtì 81 gba ife. Lẹ́yìn náà, FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìje náà, yọ Schumacher kúrò lórí tábìlì sáà náà. Ẹ wá wò ó: lórí tábìlì FIA, Schumacher ni kò sí, nínú géèmù, Villeneuve ni.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ìwé ìròyìn lè kọ ọ́ pé Villeneuve borí ní ìlú báyìí lọ́jọ́ báyìí, kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ìròyìn ni. Ṣùgbọ́n kí ilé-iṣẹ́ kan mú orúkọ èèyàn àti ojú rẹ̀ kó fi wọ́n ṣe ọjà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà pé ó gbọ́dọ̀ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ná.

Kí àṣà ríra àṣẹ tó fìdí múlẹ̀, ṣe ni àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń yí orúkọ po. Nínú Super Monaco GP tí Sega gbé jáde lọ́dún 1989, tó sì wá dórí Mega Drive lẹ́yìn náà, ikọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Firenze. Firenze ni orúkọ ìlú ńlá kan ní Ítálì, kò sì sí ẹni tó rí i tí kò mọ̀ pé Ferrari ni wọ́n ń sọ. Minardi di Minarae, Tyrrell di Tyrant. Ọmọ Brazil kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní G. Ceara, awakọ̀ Ayrton Senna ni wọ́n ń fọgbọ́n sọ, ẹni tó bá sì ti dé inú ikọ̀ tó dára jù nínú géèmù náà mọ bó ṣe máa ń wá gba ìjókòó lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́dún 1992, Sega bá Ayrton Senna fúnra rẹ̀ ṣàdéhùn, orúkọ rẹ̀ sì wà lójú páálí: Ayrton Senna's Super Monaco GP II. Ṣùgbọ́n Senna nìkan ni wọ́n bá ṣe é. Orúkọ àtọwọ́dá ni àwọn tó ń bá a díje ṣì ń jẹ́.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Video System ti Japan àti Paradigm ti Texas fi máa ṣe F-1 World Grand Prix, odindi sáà ni wọ́n ń ra àṣẹ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Àwọn tó ń bójú tó owó ìje ní ẹ̀tọ́ tiwọn, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, awakọ̀ sì lè di orúkọ tirẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ẹbí rí yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ. O san owó fún olórí ẹbí, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, àfi ọmọ kan tí ìwé ìpín tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìpín rẹ̀ kò sí nínú ohun tí o rà. Villeneuve ni ọmọ yẹn. Ó ti gba ẹ̀tọ́ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀, àdéhùn gbogbogbòò kò sì ká a mọ́. Formula 1 97 tí Psygnosis gbé jáde fún PlayStation náà kò lè dárúkọ rẹ̀.

Àwọn kan bínú sí i nígbà náà. Èmi kò bá a wí. Orúkọ tí à ń sọ yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bàbá rẹ̀, Gilles Villeneuve, wa Ferrari, ó sì kú ní pápá ìje Zolder ní Bẹ́ljíọ̀mù lóṣù Karùn-ún 1982, nígbà tí Jacques jẹ́ ọmọ ọdún 11. Pápá ìje tó wà ní Montreal, orúkọ bàbá yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ títí dòní. Ìje Kánádà wà nínú géèmù. Èèyàn lè mú ọkọ̀ Williams, kó wà á yí pápá tí ń jẹ́ orúkọ bàbá po, kí ọmọ inú ọkọ̀ má sì lórúkọ. Bí orúkọ bá wúwo báyìí lọ́rùn ẹni kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti pinnu ẹni tí yóò fi tajà.

Nínú ẹ̀rọ, yíyọ orúkọ kò ṣòro. Awakọ̀ inú géèmù kò ju orúkọ kan, àwòrán kan, nọ́ńbà ọkọ̀, àti àwọn iye tó sọ bó ṣe ń sáré tó lọ. Orúkọ àti àwòrán nìkan ni àṣẹ dè. Nọ́ńbà 3 àti ọkọ̀ Williams wà lábẹ́ àṣẹ ikọ̀, eré sísá kò sì ní olówó. Nítorí náà ni Driver Williams ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó gba ife.

Àmì àwọn onígbọ̀wọ́ tó wà lára ọkọ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ara ọkọ̀ náà jẹ́ igun mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n wá da àwòrán bò bí ìgbà tí a fi aṣọ wé igbá. Kìlóbáìtì 4 péré ni ibi tí Nintendo 64 ń kó àwòrán bẹ́ẹ̀ sí bó bá fẹ́ yà á. Àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ tó fẹ̀ ní èérún àwòrán (pixel) 64, tó ga ní 32, ti gba ibẹ̀ tán. Orúkọ tí àṣẹ bá fàyè gbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há sínú fèrèsé kékeré yẹn kí ojú tó lè kà á.

Àwọn tó gbá géèmù bọ́ọ̀lù Winning Eleven nígbà tó gbòde nílẹ̀ wa mọ irú ọ̀rọ̀ orúkọ báyìí. Roberto Larcos ni wọ́n ń pe Roberto Carlos, Man Red sì ni Manchester United. Oníkálukú ló ń tún orúkọ wọn kọ fúnra rẹ̀.

F-1 World Grand Prix náà fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn lè pa "Driver Williams" rẹ́, kó kọ orúkọ tó wù ú dípò rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù tilẹ̀ fi àlàfo yẹn ṣe ìlẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀: bí o bá sọ ọ́ ní Vacation, pápá ìje kan yóò ṣí ní Hawaii, níbi tí Formula One kò dé rí. Bí o bá sọ ọ́ ní Pyrite, awakọ̀ oníwúrà yóò jáde. Chrome, ti fàdákà. Bí o bá sì sọ ọ́ ní Jacques, kò sí ìlẹ̀kùn kankan tí yóò ṣí. Ọkọ̀ nọ́ńbà 3 yóò kàn bọ́ sí títì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń wà á.