Ọ̀nà Kan Náà, Wákàtí Kò Dọ́gba

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè bí London ti jìnnà sí New York tó, kíá ni yóò fa rúlà yọ, tí yóò sì wọ̀n ọ́n lórí àwòrán ayé tí a fi kọ́ sára ògiri. Bí a bá sì bi í ní iye wákàtí tí ọkọ̀ òfuurufú yóò lò, yóò wo aago ìgbéra àti aago ìgúnlẹ̀, yóò sì yọ èyí kúrò nínú èyí. Ọ̀nà méjèèjì ni ó lè tan ni jẹ. Ó yẹ kí àwa tí a ń múra àtidi olùkọ́ mọ ìdí rẹ̀ kí a tó dúró níwájú àwọn ọmọdé.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow ní London dé ti Kennedy ní New York jẹ́ nǹkan bí 3,450 ibùsọ̀. Ayé rí roboto, ṣùgbọ́n àwòrán ògiri tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà ìlà tí rúlà fà kọ́ ni ọ̀nà tí ó kúrú jù. Ẹ jẹ́ kí a na òwú láti ìlú kan sí èkejì lórí àwòrán ayé roboto, kí a sì fà á le. A ó rí i pé òwú náà yóò tẹ̀ sí ìhà àríwá, yóò gba orí Ireland, yóò sì gba ìhà Newfoundland kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí New York. Nígbà tí John Alcock àti Arthur Brown kọ́kọ́ fò la òkun Atlantic já láìdúró ní 1919, láti Newfoundland sí Ireland ni wọ́n fò. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí wákàtí 16.

Ní ti wákàtí, ẹ̀fúùfù ni ọ̀gá. Ní òkè réré tí ọkọ̀ ń gbà, ní nǹkan bí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀, ẹ̀fúùfù líle a máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tí ó kọjú sí London dà bí ẹni tí ń tukọ̀ bá odò ṣàn lọ. Èyí tí ó kọjú sí New York ń dojú kọ ìṣàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 550 ibùsọ̀ ní wákàtí kan, tí ẹ̀fúùfù sì ń sáré 50, ọkọ̀ yóò máa sáré 600 sí London, yóò sì lo wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45. Sí New York, 500 péré ni yóò máa sáré, yóò sì lo wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 54. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 39. Bí kò bá sí ẹ̀fúùfù rárá, àlọ àti àbọ̀ kì bá ju wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 33 lọ. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ẹ̀fúùfù gbà ju ohun tí ó fi fúnni lọ, nítorí pé ọkọ̀ pẹ́ nínú ìdojúkọ ju inú ìrànlọ́wọ́ lọ. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2020, ẹ̀fúùfù ìjì ran ọkọ̀ kan lọ́wọ́ láti New York dé London ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56.

Ó ku aago. Ọkọ̀ tí ó gbéra ní London ní agogo 10 òwúrọ̀ lè gúnlẹ̀ ní New York ní agogo 1 ọ̀sán. Ṣé wákàtí 3 ni ó lò? Rárá o. Oòrùn a máa yọ ní London ṣáájú New York, nítorí náà aago New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn ti London ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ẹ fi 5 kún 3, ó di 8. Ní àbọ̀, bí ó bá gbéra ní agogo 7 alẹ́, tí ó sì gúnlẹ̀ ní agogo 7 òwúrọ̀, a ó yọ 5 kúrò nínú 12, ó ku 7. Ìwọ̀nyí ju ìṣirò wa ti ìṣáájú lọ díẹ̀, nítorí a ka ìgbà tí ọkọ̀ fi ń rìn lórí ilẹ̀, tí ó ń gòkè, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fi òwú wọn ìjìnnà, kí a fi ẹ̀fúùfù ṣírò ìyára, kí a sì fi oòrùn túmọ̀ aago. Bí ilé-ìwé wa kò bá ní àwòrán ayé roboto, bọ́ọ̀lù tàbí ọsàn kan tó. Ohun tí ọmọ bá kọ́ lódì ní kékeré, a máa ṣòro fún un láti gbàgbé lágbà.