Ibi tí Abẹ́rẹ́ Kọ́ńpáàsì ń Kọjú Sí

Tí sípíkà bá bàjẹ́, tí ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó bá mágínẹ́ẹ̀tì dúdú kan níbẹ̀, ó rí róbótó, ó ní ihò láàárín. Ojú kan ni ìkángun àríwá rẹ̀, ojú kejì ni ìkángun gúúsù. Tó bá já bọ́ tó fọ́ sí méjì, ẹ gbìyànjú láti tò ó padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: kò ní gbà fún yín. Ẹ̀là méjèèjì á máa ti ara wọn. Ẹ wá dojú ọ̀kan bolẹ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra pinpin.

Ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ti di mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni, tòun ti àríwá àti gúúsù. Ẹ fọ́ ọ dé ibi tó bá wù yín, bákan náà ni yóò rí, torí ìkángun kì í ṣe nǹkan tí wọ́n kó pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí agbára òòfà ti ń jáde là ń pè ní àríwá, ibi tó ti ń padà wọlé ni gúúsù. Nínú irin, àwọn ẹ́lẹ́ktróònì tí ojú kò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá kọjú síbì kan náà, agbára wọn á para pọ̀. Ooru ló ń tú wọn ká. Tí irin bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òòfà rẹ̀ á pòórá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ayé wa ti le nìyẹn. Láti ọdún 1600 ni William Gilbert, oníṣègùn ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ńlá. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n irin tó wà ní àárín gbùngbùn ayé gbóná tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n. Báwo ló ṣe wá ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì?

Ìrìn irin náà ni. Ní nǹkan bíi 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, irin yíyọ́ ló wà níbẹ̀. Èyí tó gbóná jù ń gòkè, èyí tó tutù díẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, yíyí tí ayé ń yí sì ń lọ́ ìṣàn náà. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀: yíyí tí wáyà àti òòfà ń yí síra wọn ni iná fi ń jáde. Irin yíyọ́ yìí náà ń ṣàn kọjá nínú òòfà tó ti wà níbẹ̀, iná mànàmáná á gba inú rẹ̀, iná náà á sì tún bí òòfà. Ó ti lé ní bílíọ̀nù 3 ọdún tí ọ̀kan ti ń bí èkejì bẹ́ẹ̀.

Torí pé nǹkan tó ń ṣàn ló bí i, ìkángun òòfà ayé ń rìn. James Clark Ross, olùṣàwárí ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, dé orí ti àríwá ní Kánádà ní ọdún 1831. Ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ó ti gba òkun yìnyín kọjá sọ́nà Siberia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ó ń rin nǹkan bíi 50 kìlómítà lọ́dún. (Níwọ̀n bí àríwá ti máa ń fa gúúsù, ìkángun tó ń fa orí àríwá abẹ́rẹ́ yìí, gúúsù gan-an ni ní ti òòfà.) Ìrìn ìkángun yìí kan ojú ọ̀nà bàálù pàápàá. Nọ́ńbà 18 àti 36 tí wọ́n kùn sójú ọ̀nà bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkejà, kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n: 18 dúró fún nǹkan bí ìwọ̀n 180, ìyẹn ọ̀nà gúúsù. Ní pápákọ̀ tí kọ́ńpáàsì bá ti yà jù, wọ́n á pa nọ́ńbà rẹ́, wọ́n á kọ òmíràn.

Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo rẹ̀ á dorí kodò. Òkúta tó ṣàn láti inú òkè oníná máa ń gba àmì òòfà ayé bó ṣe ń tutù. Ní 1906, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bernard Brunhes rí òkúta ní ilẹ̀ Faransé tí àmì rẹ̀ kọjú sódìkejì. Ìyípadà tó kẹ́yìn ti tó nǹkan bí 780,000 ọdún sẹ́yìn.

Ìṣàn inú pílánẹ́ẹ̀tì Mars ti dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Òòfà tó há sínú òkúta nìkan ló kù níbẹ̀. Ti Uranus ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Voyager 2 kọjá níbẹ̀ ní 1986, ó bá òòfà rẹ̀ tó fi ìwọ̀n 59 yà kúrò lójú ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì náà ti ń yí.

Ní ti oòrùn, ìyípadà òòfà rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Ní bí ọdún 11 síra ni àríwá àti gúúsù rẹ̀ ń gba àyè ara wọn, lásìkò tí àmì dúdú bá pọ̀ jù lójú rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni ìjì oòrùn máa ń le. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, ọ̀kan mi òòfà ayé débi pé iná tí ẹnikẹ́ni kò tàn gba inú wáyà Québec, ní Kánádà, kọjá. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ènìyàn ni kò rí iná lò fún wákàtí 9.