Ọkọ̀ Òkun Tí Ó Di Òtẹ́ẹ̀lì ní Dubai

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì rò pé mo ti ṣìnà. Ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ó kan mọ́sálásí wa, ó sì kan ìsọ̀ wa lọ́jà.

Ní ọdún 2019, mo bá Àlàájà kan tí ó máa ń ra aṣọ ní ọjà Deira lọ sí Dubai. Nígbà tí ó parí ọjà rẹ̀, ó ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ tí wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì." A wọ takisí lọ sí èbúté Port Rashid. Ọkọ̀ ńlá náà ni a bá níbẹ̀, ara rẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, ó funfun lókè, ihò èéfín rẹ̀ sì pupa fòò.

Queen Elizabeth 2 ni orúkọ rẹ̀, QE2 ni gbogbo ayé ń pè é. Clydebank ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti kàn án, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fúnra rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ ní 20 September 1967. Ní May 1969 ni ó kọ́kọ́ kó èrò láti Southampton lọ sí New York. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 963, àjà 13 ni ó sì ní. Irin ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n alúmíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́ òkè kí ó lè fúyẹ́, kí ó má baà rì jìn jù sínú omi.

Ìlú kan ni ọkọ̀ yìí. Lókè ni yàrá atukọ̀ wà. Ní àwọn àjà tí ó tẹ̀lé e ni gbọ̀ngàn ìgbafẹ́, ilé ìjẹun, ilé ìkàwé àti ilé sinimá wà. Yàrá àwọn èrò wà ní àárín, ẹ́ńjìnnì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní ilé ìwòsàn, àní ó ní ilé ajá fún àwọn tí kò lè fi ajá wọn sílẹ̀ nílé. Ilé ọtí náà wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí a lọ. Èmi àti Àlàájà kọjá níwájú rẹ̀, a lọ mu tíì.

Àtúnṣe kì í ṣe ohun tuntun sí i. Nígbà ogun Falklands ní 1982, ó kó sójà tí ó ju 3,000 lọ. Wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ bo kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kí bàtà ogun má baà bà á jẹ́, wọ́n sì ṣe ibi tí hẹlikọ́pítà lè bà sí. Ní 1986 sí 1987, wọ́n gbé e lọ sí Bremerhaven ní Jámánì, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń yí kúrò, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì 9 rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi sinmi, ìrìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 6 máìlì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní 2007, àwọn ará Dubai ra ọkọ̀ náà ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Wọ́n fẹ́ so ó mọ́ Palm Jumeirah, erékùṣù tí wọ́n fi iyanrìn ṣe ní àwòrán igi ọ̀pẹ, kí ó di òtẹ́ẹ̀lì olówó iyebíye. Ní November 2008 ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún náà gan-an ni ìṣòro owó bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ayé, gbèsè sì ká Dubai lọ́wọ́ kò. Ọkọ̀ tí ó ti la òkun já nígbà àìmọye wá dúró sójú kan nínú oòrùn àti iyọ̀ omi fún ọdún mẹ́sàn-án ó lé. Ètò kan dé, ó lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ.

Ní 18 April 2018 ni wọ́n tó ṣí i. Wọn kò dúró kí gbogbo rẹ̀ parí: yàrá 224 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n tún ilé ìwẹ̀ ṣe, wọ́n fa iná tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n dá fèrèsé roboto ara ọkọ̀ sí, wọ́n sì tún púpọ̀ nínú àga àti tábìlì àtijọ́ ṣe, wọn kò jó wọn níná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Queen Elizabeth àkọ́kọ́, kò rí oríire bẹ́ẹ̀. Olówó kan ní Hong Kong ra á láti fi ṣe yunifásítì orí omi. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni iná ti sọ nínú rẹ̀ ní January 1972, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú omi.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Àlàájà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àlàájì, ẹni tí ó ra ògbólógbòó tí kò mú owó àtúnṣe dání, ìdajì ọjà ni ó rà." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ìjọ àdúgbò wa ti ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan láti fi ṣe ilé-kéwú, èmi náà sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó rà á. A náwó àpò wa tán sórí ríra. Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ sínú ilé náà, àwọn ọmọ wa sì ń kéwú lábẹ́ igi. A ti bínú sí àwọn ọlọ́rẹ tí kò mú ìlérí ṣẹ. A kò bi ara wa pé ta ni ó ṣírò owó òrùlé kí a tó sanwó ilé.

A kí ìrun Alásárì kí a tó padà sí ibùwọ̀ wa. Ìwọ̀ oòrùn ni a kọjú sí níbẹ̀, èmi tí mo ti ń kọjú sí ìlà oòrùn láti kékeré.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ohun tí mo rí fún ìgbìmọ̀. A pa ètò gbọ̀ngàn ńlá tì. A kan òrùlé ṣáájú, a tún yàrá méjì ṣe, a sì kó àwọn ọmọ wọlé. Èyí tí ó kù ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ ka owó àtúnṣe mọ́ owó ríra, kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.