Kànga Ilé Yín Lẹ́yìn Àgbàrá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra àtipadà sí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, ìbéèrè tí ẹ ń bi wá jù ni pé ṣé omi kànga ti ṣeé mu, níwọ̀n ìgbà tí àgbàrá ti fà. Ẹ má tíì mu ún o.

Ládùúgbò wa, ẹ kò ní í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí ẹ tó kan omi. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fúnni ni pé kí kànga fi bí 30 mítà jìnnà sí ṣáláńgá, àmọ́ nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, níbo ni a ti fẹ́ rí i? Bí àgbàrá bá ti kún, ohun tó wà nínú ṣáláńgá àti gọ́tà á ṣàn wọ kànga. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì gba ẹ̀mí.

Ẹ má fi ojú tàbí ahọ́n wọn omi. Ní London lọ́dún 1854, ìyá opó kan tó ti kó kúrò ní Broad Street ṣì ń ránni lọ gbé omi pọ́ǹpù ibẹ̀ wá, torí ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kọ́lẹ́rà inú omi yẹn ló pa á.

Ìgò kékeré tó ní oògùn nínú la fi ń dán omi wò. A ó fi dọ́rọ́ tó mọ́ fa omi, a ó rọ ọ́ dé ojú ìlà láìfọwọ́ kan ẹnu ìgò, a ó sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ó bá dúdú, ó ṣeé ṣe kí ìgbẹ́ ti wọ omi náà: àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, òun ló ń sọ oògùn náà di dúdú. Bí kò bá dúdú, ẹ má tíì yọ̀ jù, torí òjò kan péré lè yí i padà. A ó tún un dán wò. Bí ẹ bá ti da kiloríìnì sí kànga, ẹ sọ fún wa. Bí òórùn rẹ̀ kò bá tíì lọ, irọ́ ni ìgò máa pa fún wa.

Ìgò yìí kò mọ epo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí àwọn àgbá epo Àpápá, bí omi bá ń rùn bí bẹntiróò tàbí kẹrosíìnì, ẹ má ṣe gbé e kaná rárá, ẹ má sì fi wẹ ọmọ. Sísè kì í yọ epo kúrò.

Títí àbájáde yóò fi dé, omi kànga tí kò rùn bí epo ṣeé fi fọ ilẹ̀, ó sì ṣeé dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tí ẹ ó mu, tí ẹ ó fi se oúnjẹ, tí ẹ ó fi fọ eyín tàbí po oúnjẹ ọmọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì dé e. Álọ́ọ̀mù máa ń mú omi tòrò, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò. Bí ẹ bá ní WaterGuard, ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú kó tó di pé ẹ mu ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ olómi, ẹ fún un ní ORS, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ forúkọ kànga yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wa níbi tí ẹ ti ń gba oúnjẹ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà.